Ẹyẹ Nìkan Ni Wọ́n Rà

Ẹ kú ilé o, Baba mi. Àrìnpa ọdẹ o. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà nínú fláàtì mi ní Yarnton Way, ní Thamesmead, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé Lọ́ńdọ̀nù ti gba ẹ̀kọ́ ilé lọ́wọ́ Rísíkátù. Mo kí gbogbo ọdẹ tí ẹ jẹ́ Olúọdẹ lé lórí. Mo kí Tíṣà, tí yóò ka ìwé yìí sí yín létí. Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ìlà kankan, ẹ má sì fi oyin sí i. Mo kí Sùúrájù àbúrò mi, mo kí ọwọ́ òsì rẹ̀. Màámi ni mi ò lè kí nílé yín, torí pé ẹ ti lé wọn.

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ni ẹ ti ń gbọ́ ohùn mi. Ó kúkú wù mí kí n fi í sínú àpòòwé bí ìṣe mi. Ṣùgbọ́n Sùúrájù kọ̀wé sí mi pé níwájú gbogbo ẹgbẹ́ ọdẹ, lójúde ilé wa, ni ẹ ti dìde, tí ẹ ní Màámi ló fọwọ́ kan ìbọn tuntun tó bẹ́ mọ́ òun Sùúrájù lọ́wọ́, pé ọwọ́ obìnrin ló bà á jẹ́. Ó ní lójú ẹsẹ̀ ni ẹ ní kí wọ́n kó ẹrù wọn lọ sílé bàbá wọn. Gbangba lẹ ti fi ẹ̀sùn kan Màámi, Baba. Gbangba ni èmi náà ti máa dá wọn láre. Àwọn ọdẹ tó ń ra irú ìbọn yẹn sì pọ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ó yẹ kí wọ́n gbọ́.

Kí ẹni tí kò mọ̀ wá lè mọ ohun tí mò ń sọ: ìbọn ẹlẹ́nu méjì kan wà tí wọ́n ń ṣe ní Woolwich níbí látayé àwọn bàbá ńlá wa. Àwọn òyìnbó ní orúkọ tí wọ́n ń pè é, àmọ́ Ẹlẹ́yẹ ni àwọn ọdẹ tiwa ń pè é, torí ẹyẹ kékeré kan tí wọ́n tẹ̀ sára irin rẹ̀. Ọdẹ tí kò mọ̀wé rárá mọ ẹyẹ yẹn. Bàbá bàbá mi ra ọ̀kan, Baba mi jogún rẹ̀. Ara ògiri yàrá ni wọ́n ń fi í kọ́ sí, èmi àti Màámi ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, èèwọ̀ ọdẹ ni. Bí Màámi bá ń gbálẹ̀, tí wọ́n bá gbá débẹ̀, wọ́n á ṣẹ́rí padà, Baba fúnra wọn ló máa ń gbá ìyókù. Ọgbọ̀n ọdún ni Màámi fi ṣe bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó pa èèwọ̀ mọ́ fún ọgbọ̀n ọdún, ṣé ọjọ́ tí wọ́n gbé tuntun dé ni yóò wá gbàgbé?

Baba, nígbà tí mo kọ̀wé lọ́dún kìíní mi pé ilé iṣẹ́ Ẹlẹ́yẹ gan-an ni mo ti rí iṣẹ́, Tíṣà sọ fún mi pé ẹ jó, ẹ yọ̀, ẹ gbé ìwé náà káàkiri abúlé. Mo ní iṣẹ́ ọ́fíìsì ni, pé mò ń kọ nọ́ńbà ìbọn sínú ìwé. Ìdajì rẹ̀ ni òótọ́. Klíínà ni mo kọ́kọ́ jẹ́. Láàárọ̀ kùtù, tí òtútù ń gé mi létí, tí atẹ́gùn odò ń fẹ́ síkẹ́ẹ̀tì mọ́ mi lẹ́sẹ̀, mo máa ń wọ bọ́ọ̀sì láti Yarnton Way lọ sí Woolwich, mo á kọjá níwájú báráàkì àwọn sójà, mo á gba ẹ̀yìn rẹ̀ yọ sí ilé iṣẹ́. Irin wẹ́wẹ́ ni mò ń gbá nílẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Bàbá òyìnbó kan wà níbẹ̀, Len ni orúkọ rẹ̀. Òun ló ń ṣe ọ̀pá ìbọn, ibi tí ọta ń gbà jáde. Ẹnu rẹ̀ burú. Bí èèyàn bá kí i káàárọ̀, á bi onítọ̀hún pé kí ló dára nínú àárọ̀ náà. Lọ́jọ́ kan, ó rí i bí mo ṣe ń ṣa nǹkan kéékèèké nílẹ̀, ó ní ọwọ́ mi kì í gbọ̀n. Ó gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó gbé irin kan fún mi tí wọ́n gbẹ́ ẹyẹ sí lẹ́nu, ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi òòlù tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ìbọn. Ẹ̀ẹ̀kan péré lèèyàn ń lù ú. Bó bá di ẹ̀ẹ̀mejì, ẹyẹ á ní apá mẹ́rin. Láti ọjọ́ náà, Baba, èmi ni mò ń tẹ ẹyẹ, èmi náà ni mò ń kọ nọ́ńbà abẹ́ rẹ̀ sínú ìwé. Èmi obìnrin. Kò sí Ẹlẹ́yẹ tó jáde ní Woolwich láàárín ọdún wọ̀nyẹn tí ọwọ́ mi ò kàn, lọ́jọ́ tí mo wà ní mímọ́ àti lọ́jọ́ tí mi ò sí ní mímọ́. Mo mọ̀ pé ẹ ó fò dìde bí Tíṣà bá ka ibí yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó, kò tíì parí.

Láyé Len, ìbọn kan kì í jáde láìdán an wò. Wọ́n á ki ẹ̀tù tó ju ti ọdẹ lọ sínú rẹ̀, wọ́n á yìn ín níbi tí ẹnikẹ́ni ò sí. Èyí tó bá máa bẹ́, kó bẹ́ níbẹ̀. Mo sọ fún un pé Baba mi náà máa ń so ìbọn tuntun mọ́ igi, pé wọ́n á fi okùn fà á láti ẹ̀yìn òkìtì kí ẹnikẹ́ni tó gbé e sí èjìká. Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ rí ẹ̀rín Len. Ó ní Baba mi mọ iṣẹ́.

Ẹni tó jogún ilé iṣẹ́ náà kẹ́yìn ò fẹ́ràn irin, ẹṣin ló fẹ́ràn. Ó tà á fún kọ́ńpìnnì kan tó ń ta bàtà òjò àti àpò gọ́ọ̀fù. Àwọn ọ̀gá tuntun wọ táì wá, wọ́n kó wa jọ, wọ́n ní kí ọkàn wa balẹ̀, pé ohun kan ò ní yí padà, pé orúkọ náà ló wu àwọn tí àwọn fi rà á. A pàtẹ́wọ́. Len ò pàtẹ́wọ́. Ó ní irú ọ̀rọ̀ yẹn náà ni wọ́n sọ fún bàbá òun ní ilé iṣẹ́ ìjọba tó wà létí odò, níbi tí wọ́n ti ń rọ ìbọn ńlá fún ogun, kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Mo rò pé ọ̀rọ̀ arúgbó ni.

Ọdún ò yí po tí wọ́n fi ta ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn àgbà iṣẹ́ dúró lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fún onítọ̀hún ní káàdì àti aago ògiri. Àpótí bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti ìlú òkèèrè kan, ọ̀pá ìbọn tí wọ́n ti ṣe tán ló kún inú rẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ìlú náà torí kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Owó pọ́ọ́kú ni wọ́n san fún wọn, iṣẹ́ pọ́ọ́kú ni wọ́n gbà. Tiwa ò ju ká tò ó pọ̀, kí n tẹ ẹyẹ sí i. Àṣé ẹyẹ nìkan ni wọ́n rà. Wọn ò ra iná, wọn ò ra ọwọ́ Len. Bẹ́ẹ̀, ìwé tí wọ́n fi ń polówó ọjà, àwòrán Len níwájú iná ni wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, lọ́dún tí wọ́n lé Len gan-an. Ẹ ò rí ayé!

Lọ́jọ́ tí Len ń lọ, ó pè mí sẹ́yìn àpótí. Ó mú ọ̀pá àtijọ́ kan, ó fi oríkèé ìka gbá a, ó dún, ohùn rẹ̀ sì pẹ́ kó tó kú. Ó mú ọ̀kan nínú àwọn tuntun, ó gbá a, ó dún bí agolo. Ó ní kí n gbọ́. Mo gbọ́, Baba. Ọmọ ọdẹ ni mí. Ó ní àwọn tí wọ́n máa tà fún òyìnbó, wọ́n ṣì ń kó wọn lọ síbi ìdánwò torí òfin wà nítòsí. Àwọn tó ń lọ sí Áfíríkà, ó ní kí n máa ṣọ́ wọn, bóyá mo máa rí i kí wọ́n yà síbì kankan kí wọ́n tó dé èbúté. Mo ṣọ́ wọn. Tààrà ni wọ́n ń lọ. Mo lọ bi máníjà. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní àwọn tó ń rà á lọ́hùn-ún kì í bèèrè. Èmi ọmọ ọ̀hún ló sọ ọ́ fún lójú kòrókòró. Mo gbé òòlù mi, mo padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ ó ní kí ló dé tí mi ò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé lè rò pé iṣẹ́ ń so lórí igi níbí. Ní Thamesmead tí mò ń gbé, àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí mo bá ń kọjá, wọ́n á tutọ́ sílẹ̀, wọ́n á ní kí n padà síbi tí mo ti wá. Ìwé ìgbélùú mi ò tíì jáde nígbà náà. Ọjọ́ Àìkú á dé, mi ò ní rí ẹni bá sọ Yorùbá àfi ìyá tó ń ta gàrí fún mi ní Woolwich, ìyẹn náà á ní kí n ṣe kíá, àwọn oníbàárà ń bọ̀ lẹ́yìn. Ilé iṣẹ́ yẹn nìkan ni wọ́n ti mọ orúkọ mi. Ẹ̀rù bà mí, mo panu mọ́.

Àsìkò yẹn ni lẹ́tà yín dé. Tíṣà kọ ọ́ pé àwọn olè ń yọ abúlé lẹ́nu, ẹgbẹ́ ọdẹ sì fẹ́ ra ìbọn tuntun kan. Ó ní ẹ ti rí Ẹlẹ́yẹ ní ṣọ́ọ̀bù kan l'Ékòó, pé ẹ ní kí n sọ òótọ́: ṣé Ẹlẹ́yẹ ṣì ni Ẹlẹ́yẹ? Ìbéèrè kan ṣoṣo. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbé bíró dání. Ojú tì mí láti kọ ọ́ pé ilé tí ẹ fi mí yangàn níbẹ̀ ti di ilé ayédèrú. Mo kọ ọ́ pé ẹyẹ náà ni, pé níwájú mi ni gbogbo wọn ń kọjá kí wọ́n tó jáde. Ẹni a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Èmi lẹni yẹn.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni ohun tí ẹ máa fi lẹ́tà náà ṣe. Sùúrájù ní nígbà tí ìbọn dé, àwọn ọdẹ ti mú okùn, wọ́n ti ń lọ sídìí igi tí ẹ máa ń so ó mọ́. Ẹ ní kí wọ́n fi okùn sílẹ̀. Ẹ ní ọmọ yín ti wò ó ní Lọ́ńdọ̀nù, kí ni igi tún fẹ́ sọ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ọmọ yín. Háà, Baba! Ẹ gbé e fún Sùúrájù pé òun ni kó kọ́kọ́ yìn ín. Ìgbà àkọ́kọ́ tó yìn ín, ọ̀pá là, ìka mẹ́ta bọ́ lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Télọ̀ ni o. Ọwọ́ wo ni yóò fi máa tẹ́ aṣọ sábẹ́ ẹ̀rọ?

Ó da nọ́ńbà tó wà lábẹ́ ẹyẹ náà kọ sínú lẹ́tà rẹ̀ sí mi. Mo mú un lọ síbi iṣẹ́, mo ṣí ìwé tí a ń kọ wọ́n sí. Mo rí i. Ìkọ̀wé mi ni. Mo jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn àpótí, mo ké bí ọmọdé. Máníjà wá bi mí pé kí ló ṣe mí, èmi òmùgọ̀ sì sọ fún un. Lọ́jọ́ kejì, ìwé náà ò sí lórí tábìlì mọ́. Lọ́sẹ̀ kejì, èmi náà ò sí níbẹ̀ mọ́. Kò pẹ́ sí i tí wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa pátápátá, wọ́n di irin ẹyẹ sínú páálí, wọ́n fi ránṣẹ́ sí ìlú tí ọ̀pá ti ń wá. Títí dòní, wọ́n ṣì ń kọ Woolwich sára ìbọn náà, bẹ́ẹ̀ wọn ò ṣe ẹyọ kan ní Woolwich mọ́. Kápẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń tà níbi tí Len máa ń dáná sí. Èmi ń wẹ àwọn arúgbó òyìnbó, mò ń fún wọn lóúnjẹ, nílé ìtọ́jú kan nítòsí ibi tí mò ń gbé. Ọwọ́ tí Len ní kì í gbọ̀n ni mo fi ń gbé ṣíbí sí wọn lẹ́nu báyìí.

Mo pàdé Len ní ọjà Woolwich lóṣù tó kọjá, ó ń ra ọ̀dùnkún. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó bi mí bóyá Baba mi so ó mọ́ igi. Mo ní rárá, wọ́n gbà mí gbọ́ ni. Ó ṣí fìlà, ó ń wo ilẹ̀. Nígbà tí mo wá sọ fún un pé ìyá mi ni wọ́n lé nítorí rẹ̀, kò yé e, mo ní láti ṣàlàyé lẹ́ẹ̀mejì. Inú bí i. Ó ní irin tí kò dára kì í dúró de ọwọ́ obìnrin kó tó bẹ́. Ó ní láti ìgbà èwe òun ni òun ti ń ṣe ọ̀pá ìbọn, kí n kọ ọ́ sí yín bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Baba, òótọ́ ọ̀rọ̀ korò, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan kí n sinmi. Ẹ mọ̀. Láti ọjọ́ tí ọ̀pá yẹn ti là ni ẹ ti mọ̀ pé ìdánwò ni ẹ kò ṣe. Ó rọ̀ yín lọ́rùn láti dá ọwọ́ obìnrin lẹ́bi ju kí Olúọdẹ dìde láàárín àwọn ọdẹ kó ní òun ló ṣàṣìṣe. Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Ìka Sùúrájù ò ṣẹ̀, ó gé. Màámi ò ṣẹ̀, ẹ lé wọn. Èmi tí mo purọ́, àti ẹ̀yin tí ẹ ò so ìbọn mọ́gi, àwa la ṣì wà nínú ilé wa tí à ń jẹun.

Bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá ṣì ń wí pé ọwọ́ obìnrin ni, ẹ wo Ẹlẹ́yẹ tó wà lọ́wọ́ igbákejì yín nínú ẹgbẹ́ ọdẹ. Ọdún kejì mi níbí ni ẹ rà á, inú yín dùn débi pé ẹ ní kí Tíṣà kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí mi. Len ló ṣe ọ̀pá rẹ̀, èmi ni mo tẹ ẹyẹ ara rẹ̀. Ó ti pa ẹtu, ó ti pa ìmàdò, kò já yín kulẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ọwọ́ obìnrin kan náà ló kan méjèèjì. Irin ló yàtọ̀.

Ẹ̀yin ọdẹ tó kù, níbi yòówù kí ẹ wà, ẹ má wo ẹyẹ mọ́. Ẹni tó ra ẹyẹ lè tẹ̀ ẹ́ sára ohunkóhun. Ẹ so ìbọn mọ́ igi, ẹ fi okùn fà á, ìbáà jẹ́ ọmọ yín ló bá yín rà á wá.

Ohun tí mò ń fẹ́ kò pọ̀, Baba. Ẹ pe ẹgbẹ́ ọdẹ jọ sí ojúde yẹn, kí Tíṣà ka ìwé yìí fún wọn. Lẹ́yìn náà kí ẹ kó ara yín, ẹ̀yin àti àwọn ọdẹ, ẹ lọ sílé bàbá Màámi lọ́sàn-án gangan tí gbogbo ayé ń wò. Ẹ dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àna yín, ẹ bẹ Màámi, ẹ gbé ẹrù wọn padà wálé. Sùúrájù ní Màámi kì í sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ní ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń bi òun nígbà tí òun lọ kí wọn ni pé ṣé òun rò pé àwọn lè fọwọ́ kan ìbọn náà láìmọ̀, bóyá nígbà tí àwọn ń gbálẹ̀. Mo ka ibẹ̀ mo sunkún ju ọjọ́ tí mo gbọ́ ti ìka lọ. Ẹ ti jẹ́ kí Màámi máa fura sí ọwọ́ ara wọn.

Ọlọ́run á fún yín ní ẹ̀mí gígùn, Baba, á fi àlàáfíà sí i. Igbó ò ní le mọ́ yín, ẹ ò ní ṣìrìn. Ọlọ́run á fi ohun tí yóò jẹ lé Sùúrájù lọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, ẹ kí àwọn ará mọ́ṣáláṣí, ẹ kí àwọn ìyàwó ọdẹ tí wọ́n ń gbálẹ̀ yí ìbọn ká lójoojúmọ́.

Bí ẹ bá sì ní ẹ ò lọ, pé èèwọ̀ ni èèwọ̀ ń jẹ́, ó dáa, ẹ jẹ́ kó kan gbogbo wa. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ ní Màámi fọwọ́ kan ìbọn, ẹ lé wọn. Èmi ò lè ka iye tí mo ti fọwọ́ kàn. Ẹ lé èmi náà, níwájú àwọn ọdẹ, kí Tíṣà kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. Títí ìdáhùn yín á fi dé, mo ṣì jẹ́

ọmọ yín,
Rísíkátù.